Ibo Ni Orí Torma Wà?

9 Oṣù Kẹta

Mo ti dé. Àpò méjì àti bàtà oko kan tí mo yá. Ẹ̀gbọ́n mi Vince ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi wá láti ìlú Debrecen, kò sì dákẹ́ lójú ọ̀nà. "Kí lo rí lọ́bẹ̀ tó o fi waro ọwọ́, Gizi? Láti ọjọ́ tó o ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣé o ti fọwọ́ kan ọkọ́ rí? O wá ní o fẹ́ gbin torma." Mo ní torma, gbòǹgbò tó ń ta lẹ́nu bí ata yẹn, kọ́ ló ká mi lára, Màmá ni mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún Màmá ní ilé àwọn arúgbó ní Debrecen, wọ́n á sì fi yàrá náà dè é títí di ọjọ́ Márton Mímọ́ ní oṣù kọkànlá. Bí mo bá wa torma tó tọ́, tó dára, nínú oko Màmá kí ọjọ́ yẹn tó pé, Màmá á dúró sílé rẹ̀, èmi náà á dúró tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá ń lọ, oko á di ti ẹni tó bá fẹ́ yá a. "Oko tí kò lẹ́ni tó lè ṣe é, ilé tí kò lẹ́ni tó lè ṣọ́ ọ," bẹ́ẹ̀ ni Vince wí. Mo gbà. Inú bí mi ni mo fi gbà.

Màmá wò mí láti orí àga rẹ̀, ó ní, "Borbála, o mà ti rù o." Borbála ni àbúrò rẹ̀. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi.

12 Oṣù Kẹta

Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti bá àwọn ègé torma tí Màmá fúnra rẹ̀ gé nígbà tí wọ́n wa torma kẹ́yìn. Ó dì wọ́n ní ìdì ìdì, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn tútù. Kò sí èyí tó jẹrà nínú wọn. Obìnrin tí kò rántí orúkọ mi ló tọ́jú nǹkan báyìí? Kò yé mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Wọn ò lè kárí gbogbo oko. Bàbá Lőrinc, aládùúgbò wa, ní òun á fi tòun kún un, tí mo bá lè máa se ẹ̀wà ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ fún òun lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ní ọbẹ̀ inú agolo ti sú òun.

1 Oṣù Kẹrin

Yìnyín bọ́ lórí ìtànná igi. Mo jókòó sídìí ààrò. Epo ọkọ̀ tún ti gbówó lórí, Vince ní òun ò ní lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Kí n máà purọ́, mi ò sunkún.

5 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Bàbá Lőrinc na ègé kan sí mi.

"Gizi, èwo ni orí, èwo ni ìdí?"

Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Bó ṣe nípọn lókè náà ló nípọn nísàlẹ̀, ó rí gbọọrọ bíi pẹ́ńsùlù.

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Torma ò ní hóró tó ṣeé gbìn, ara rẹ̀ la fi ń bí i, gbòǹgbò tó bá sì ti kúrò lára ìyá ẹ̀, ojú ò lè sọ ibi tí orí wà. Ọ̀bẹ ló ń sọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá gé pẹrẹsẹ, orí nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá gé dàgẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn. A ó tẹ́ ẹ sínú ebè bí ẹni tó ń sùn, orí á ga díẹ̀, ìdí á wọlẹ̀. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n lábúlé yìí, àfi ẹ̀yin ará ilé ìfìwéránṣẹ́."

Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń sọ ọ́ lábẹ́ èémí: pẹrẹsẹ sókè, dàgẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. A gbin ti Bàbá Lőrinc sí apá ibi tí kànga wà. Ẹ̀yìn mi fẹ́ dá.

7 Oṣù Kẹrin

A gbin ti Màmá sí apá ọ̀nà. Oòrùn mú díẹ̀, mo sì gbé àga sí etí oko fún un kó máa wò wá. Nígbà tó yá, ó dìde. "Ẹ ń dorí wọn kodò," ó wí. Mo wò ó. Mo wo ègé tó wà lọ́wọ́ mi: pẹrẹsẹ wà lókè, dàgẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bàbá Lőrinc rẹ́rìn-ín.

"Màmá Rozál, ẹ jókòó, ẹ gba oòrùn sára."

"Ẹ ń dorí àwọn ọmọ ọlọ́mọ kodò. Ojú wọn á pọ́n kí wọ́n tó jáde."

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nìyí," mo wí.

Ó bínú, ó kọjú sí Bàbá Lőrinc: "Ìwọ pásítọ̀ yìí, ìwàásù rẹ gùn jù." Bàbá Lőrinc ò tíì gun orí pẹpẹ rí láyé ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì gan-an kì í lọ tán. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo gba ẹni tó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ gbọ́. A gbìn ín tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

16 Oṣù Kẹrin, Àjíǹde

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin, búrẹ́dì olóyin. Màmá ló fúnra rẹ̀ rin torma, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Gbogbo wa ń nu ojú. Vince ní torma ló ń ta òun lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń nu ojú kí àwo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

29 Oṣù Kẹrin

Apá kànga ti hù! Ewé kékeré, aláwọ̀ ewé tó ń dán. Apá ọ̀nà, kò sí nǹkankan. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn.

Koríko nìkan ló ń hù ní apá ọ̀nà. Mo ń tu wọ́n, mo sì ń wo gbòǹgbò wọn nítorí kò sóhun mìíràn tí mo lè wò. Àwọn kan dà bí irùngbọ̀n arúgbó, bíi ti àlìkámà àti àgbàdo: kò sí olórí láàárín wọn, gbogbo wọn tín-ín-rín, wọ́n jáde láti ojú kan náà, tó o bá fà wọ́n wọ́n á tẹ̀lé ọ. Àwọn kan ní olórí gbòǹgbò kan tó lọ tààrà sísàlẹ̀, àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gún oko rí bẹ́ẹ̀, òun ló gba gbogbo àárọ̀ mi, ó sì tún já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bi Bàbá Lőrinc bóyá torma wà nínú àwọn olórí kan yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n torma tún ń to oúnjẹ rẹ̀ sínú ara gbòǹgbò bíi kárọ́ọ̀tì, ìdí nìyẹn tó fi ń sanra. Mo bi í pé, ègé tí a gbìn ńkọ́, ṣé òun náà ni olórí? Ó ní rárá o, ẹ̀ka ni tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

13 Oṣù Karùn-ún

Àwọn ẹni mímọ́ olótùútù, ọjọ́ mẹ́ta tí òtútù máa ń padà wá nínú oṣù Karùn-ún, ti dé, wọn ò sì gbàgbé ẹnikẹ́ni. Àwọn tòmátì Bàbá Lőrinc kú tán. Torma ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

20 Oṣù Karùn-ún

Apá ọ̀nà ti hù! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mo fi orí sí ni wọ́n ti yọ. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, òmíràn nínú poro. Wọ́n funfun, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn. Bàbá Lőrinc họ orí. "Bóyá eku ló ń gbé wọn kiri." Eku wo?

3 Oṣù Kẹfà

Mo wọlé láti oko, àga Màmá ṣófo. Wọ́n rí i lójú ọ̀nà igbó, ó wọ sálúbàtà ilé, ó fi ìborí bo orí, ó ń lọ sí abúlé bàbá rẹ̀ tó wà lódìkejì igbó náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló dá a padà. Màmá sọ fún un pé wọ́n ń retí òun nílé.

Kí n tó bọ́ bàtà, Vince ti pè. "Gizi, mo ti gbọ́. Oko lo ń ṣọ́ àbí Màmá?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ṣọ́ oko, Màmá á sọnù. Bí mo bá ṣọ́ Màmá, oko á kú, wọ́n á tún gbé Màmá lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, ó di ọjọ́ Márton.

18 Oṣù Kẹfà

Òní ni ọjọ́ nínu gbòǹgbò. A máa ń hú erùpẹ̀ orí ebè kúrò, a ó gbé orí torma sókè díẹ̀, a ó sì fi àkísà nu gbogbo ẹ̀ka tó hù lára rẹ̀ dànù. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan la máa ń fi sílẹ̀, kó lè máa mumi, lẹ́yìn náà a ó bò ó padà. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á ya ẹsẹ̀ púpọ̀, kò sì ní sanra. Ọkàn mi ò kọ́kọ́ gbà á. Lára àwọn ẹ̀ka yìí ni irun gbòǹgbò wà, ó rí bí òwú, ó di iyanrìn mú ṣinṣin. Irun yìí gan-an ló ń mu omi. Kí ló dé tí a fi ń nu ẹnu ẹni dànù kó lè sanra? Ṣùgbọ́n ní apá kànga, ó lọ geerege. Torma wà níbẹ̀, ó tọ́, ó ti ń nípọn.

A dé apá ọ̀nà ní ọ̀sán. Mo hú ebè àkọ́kọ́. Gbòǹgbò ló kún ibi tó yẹ kí ewé wà. Mo wá ewé lọ, mo rí i: ìsàlẹ̀, ní ibi tí wọ́n gé dàgẹ̀rẹ̀, ló ti hù, ó wá tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ó ń wá ọ̀nà òkè. Mo hú ìkejì, bákan náà. Mo sáré lọ sí ìparí oko, bákan náà ni.

Bàbá Lőrinc kúnlẹ̀ lórí ebè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní àwàdà kankan lẹ́nu. "Wọ́n ń fi orí dúró," ó wí. "Gbogbo wọn."

Màmá ń bẹ lórí àga. Mo wò ó. Ó ń jẹ ṣẹ́rì, ó ń tu kóró sínú ọwọ́.

19 Oṣù Kẹfà

Mi ò sùn dáadáa. Ta ló ṣe àṣìṣe? Èmi tẹ̀lé òfin. Bàbá Lőrinc tẹ̀lé òfin. Màmá sì sọ fún wa.

Láàárọ̀, Bàbá Lőrinc wá, kò wọlé, ó dúró sẹ́nu ọgbà. "Mo ti rántí," ó wí. "Lódìkejì igbó, ní abúlé bàbá ìyá rẹ, òdìkejì ni wọ́n ń gé e. Dàgẹ̀rẹ̀ ni orí tiwọn, kí omi má bàa dúró lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ, ó gé e bíi tiwọn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fi èèkù ọ̀bẹ gbá a lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wa. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àtìgbà náà ló ti ń gé e bíi tiwa."

"Kí ló wá dé tó fi yí padà?"

"Gizi ọmọ mi, ṣé kò yí padà ni, àbí ó padà sílé?" Ó fọwọ́ nu imú. "Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo sì ní kó jókòó, kó gba oòrùn."

22 Oṣù Kẹfà

Mo bi í, mo rọra bi í. "Màmá, níbo lẹ ti kọ́ torma gígé?"

"Nílé wa."

"Ilé wa wo?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ilé méjì ni mo ní ni?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì fi ọwọ́ pa irun mi. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń rẹ́rìn-ín sí, tàbí Borbála.

1 Oṣù Keje

Bàbá Lőrinc ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́. Mo hú ebè kan ní apá ọ̀nà, mo yí gbogbo wọn padà, mo bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

9 Oṣù Keje

Ebè tí mo yí padà ti rọ. Kò tíì rọ̀jò láti ìgbà tí mo ti yí wọn. Gbogbo irun gbòǹgbò wọn ni mo fà já. Ewé wà, ẹnu kò sí. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní kọ́rọ́kọ̀rọ̀ wà láàyè. Mi ò fọwọ́ kan nǹkankan mọ́.

24 Oṣù Keje

Ooru. Ilẹ̀ là. Mo mú Màmá lọ sídìí kànga, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó ń kọrin tí mi ò gbọ́ rí.

20 Oṣù Kẹjọ

Òjò! Òjò gidi. Ọjọ́ àjọ̀dún búrẹ́dì tuntun ni, Vince sì wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó rin etí oko. Lókè, ewé ti bo gbogbo ilẹ̀, apá ọ̀nà àti apá kànga rí bákan náà. "Kò burú," ó wí. "Kò burú rárá, Gizi." Mi ò sọ fún un. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mi ò lanu. Mo fún un ní ẹ̀wà, mo fún un ní ọtí èso, mo sì ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń yìn mí.

17 Oṣù Kẹsàn-án

Lónìí, Màmá pè mí ní Gizi. Ó bi mí ìdí tí mi ò fi sí níbi iṣẹ́. Mo ní mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn dára. Ó yẹ kéèyàn wà nílé ẹ̀." Kí ọbẹ̀ tó hó, mo ti tún di Borbála. Ṣùgbọ́n ó wí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

24 Oṣù Kẹwàá

Òtútù àkọ́kọ́ ti sọ ewé di dúdú. A bẹ̀rẹ̀ sí í wa torma. Apá kànga: olórí gbòǹgbò kan, ó gùn, ó tọ́, kò ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Bàbá Lőrinc gé ọ̀kan sí méjì ó fi inú rẹ̀ hàn mí: èèpo lẹ́yìn, ẹran funfun, ọkàn rẹ̀ láàárín. "Kò ní ihò, kò dúdú nínú. Ti ọjà nìyí." Mo lá a. Ó gún mi dé ọpọlọ. Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

3 Oṣù Kọkànlá

A wa apá ọ̀nà. Kò sí èyí tó tọ́. Wọ́n tẹ̀ nídìí, wọ́n ya ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ọwọ́ àwọn àgbàlagbà. Ní ibi tí wọ́n ti ń ra torma lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣà á gba ti apá kànga láìsọ̀rọ̀, ó wo ti apá ọ̀nà, ó ní, "Ta ló bínú sí ìwọ̀nyí?" Ó dá gbogbo wọn padà.

Ìdajì rèé. Kí ni ìdajì jẹ́? A ò sọ ìdajì, Vince àti èmi.

11 Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ Márton

Mo yan pẹ́pẹ́yẹ ńlá, mo fi kábéèjì pupa sí i. Vince dá wá, ó gbé báàgì ńlá kan dání, òfìfo ni. Mo rí i, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sínú ẹ̀. Kó tó jókòó, mo mú un lọ sí abà, mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án, èyí tí wọ́n dá padà, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà fún un, látìbẹ̀rẹ̀.

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ́rọ́kọ̀rọ̀ náà, ó yí i lọ́wọ́. "Nítorí náà, iyè Màmá ti lọ tóyẹn."

"Ó sọ fún wa, ẹ̀gbọ́n. Àwa ni a ò gbọ́."

"Gizi, ìdajì kì í ṣe odindi. O ti ṣe é. Mo rí i pé o ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò mọ ilé tó wà, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe?"

Mo gba torma náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sórí òkìtì. Gbogbo ọdún ni mo fi jà kó lè wà nílé rẹ̀.

A jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ Màmá dìde, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó so ìborí. Ó kí mi dáadáa. "Ẹ ṣé, oúnjẹ yín dùn. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé." Ó yíjú sí Vince. "Awakọ̀, ṣé o ń gba ọ̀nà igbó?"

Vince wò mí. Mo rò pé ó máa sọ pé, ṣé o rí i báyìí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo fọ abọ́. Mo tún wọn fọ̀. Mo lọ sí abà, mo jókòó ti òkìtì torma, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kúrò fún ọdún tó ń bọ̀, nítorí mo ń fẹ́ ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe. Mi ò mọ ẹni tí mò ń gé e fún.

Ọkọ̀ padà dé. Vince nìkan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti pupa, kò sì sí torma nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé bàbá Màmá kò sí mọ́, koríko ló wà níbẹ̀ àti kànga kan. Màmá dúró sẹ́nu ibẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ti kó lọ. Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi." Ó padà sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Màmá dúró sẹ́nu ọgbà wa, ó ń wo ilé náà. "Ilé ta nìyí?"

Vince fun imú. "Ti Gizi ni, Màmá. Wọ́n ní torma tí wọ́n fẹ́ gé."

"Àwọn nìkan?"

"Àwọn nìkan ni."

"Háà. Ìyẹn ò dáa. Ẹ jẹ́ ká ràn wọ́n lọ́wọ́." Ó wọ abà, ó jókòó tì mí, ó na ọwọ́ kí n fún òun ní ọ̀bẹ. Mo fún un. Ó gé ègé kan, dàgẹ̀rẹ̀ lókè, pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ó fi lélẹ̀, ó mú òmíràn.

Vince dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. Ó fa àpótí kan, ó jókòó níwájú wa, ó mú ọ̀bẹ mìíràn láti ara ògiri.

"Gizi, ibo ni wọ́n ń gé dàgẹ̀rẹ̀, orí ni àbí ìdí?"

"Ẹ bi Màmá," mo wí.

Ó bi í. Màmá sì mú un lọ́wọ́, ó fi hàn án.